Ilé kékeré lórí ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ní Ọ̀bà-Ilé: ta ló ti gbé irú rẹ̀ rí?

AhéréBàbáÀgbà

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta. Mo ní ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 50 ní òró. Tíṣà ni mí, ìyàwó mi ń ránṣọ, ọmọ wa kan ṣoṣo ti pé ọdún mẹ́rin. Owó ọwọ́ wa kò lè gbé ilé oníyàrá mẹ́ta dé òrùlé. Mo sì mọ ilé mẹ́rin ní àdúgbò yẹn tó ti dúró sí líńtẹ́ẹ̀lì tipẹ́tipẹ́, tí koríko ti hù ní pálọ̀ wọn, tí ẹni tó ni wọ́n ṣì ń san owó ilé fún ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀. Ilé tó máa parí ni mo fẹ́: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 24 ní òró. Yàrá kan, ibi ìjókòó tí ìdáná máa wà ní igun rẹ̀, ilé ìwẹ̀ kan.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan o. Bàbá mi àgbà ní ahéré kan nínú oko kòkó wọn ní ọ̀nà Ìdànrè. Ògiri amọ̀, páànù tó ti dípẹtà. Láti orí ẹní tí a ń sùn sí, ọwọ́ rẹ á tó àdá lára ògiri, á tó àtùpà, á tó ìkòkò omi. Tí òjò bá ń lu páànù yẹn lálẹ́, tí Bàbá ń sun iṣu lẹ́nu ọ̀nà, tí èéfín ń rìn gba orí wa kọjá, kò sí ibòmíràn tó wù mí láti wà. Mo ti sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ìgbà náà. Mi ò tíì rí irú oorun yẹn mọ́.

Nígbà tí mo fi pílánù han ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ilé máígádì lo fẹ́ kọ́ yìí?" Ìyàwó mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ti gbé ilé kékeré rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.

BíríkìlàÒkèÀró

Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú ìrònú. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń mọlé ní Àkúrẹ́, ilé kékeré tí mo ti mọ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀.

Ògiri ìta 12 sí 24, tí ẹ bá yí i po, fíìtì 72 ni. Tí a bá gbé e ga dé fíìtì mẹ́wàá, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò ní pọ̀ ju 600 lọ, ìyẹn kí a tó yọ ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ lẹ ti máa jèrè, ibẹ̀ àti fáńdéṣọ̀n àti páànù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilé tó kéré ní ìlọ́po mẹ́ta á gba owó tó kéré ní ìlọ́po mẹ́ta. Kànga kan náà lẹ máa gbẹ́. Sọkawéè kan náà ni. Ìgbọ̀nsẹ̀, tánkì omi, wáyà láti òpó iná, gbogbo rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé yín kéré.

Ooru ló ń pa ilé kékeré. Ẹ kọ ìbú ilé yẹn sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí ògiri gígùn méjèèjì kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà rí ògiri púpọ̀ gbá mú. Kí fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Fíìtì 12 kò jìn, atẹ́gùn á wọlé á jáde láìsí fáànù. Ẹ jẹ́ kí ògiri ga dé 11 tí agbára bá wà, kí páànù yọ síta ní fíìtì mẹ́ta yíká.

Ohun tó kù: ẹ má kọ́ ọ láìní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú mẹ́ta tí mo mọ, ọ̀kan kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan ni wọ́n ti tà.

ÀgbàÌsíkàn

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní kí o má kọ́lé. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ nìkan lo ń kọ́ ilé fún. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ìyàwó rẹ bá tún bímọ, ìyá rẹ̀ á wá wẹ ọmọ, á lo ogójì ọjọ́ ó kéré tán. Níbo ló máa sùn? Bí àlejò bá dé láti Èkó lóru, ṣé o máa ní kó padà sí gáréèjì? Bí o bá sì gbó tí o tọ́, tí Ọlọ́run pè ọ́, níbo ni wọ́n máa tẹ́ ọ sí kí ará àti ọ̀rẹ́ tó rí ọ? Ní 1984 ni mo kọ́ ilé oníyàrá méje. Ìyà iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ mi tí kò ní ibi tó lè gbẹ́rù sí.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́rin

Ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ilé kékeré dùn, ó máa ń dùn mí ní ọ̀nà mìíràn. Ọdún 11 ni mo fi gbé yàrá kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú, fèèsì-mí-mo-fèèsì-ẹ, fíìtì mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mẹ́rin sí. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà, ṣáláńgá kan, ibi ìwẹ̀ kan. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí kí n tó lè wẹ àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òtítọ́ tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí mo jáde. Kíkéré yàrá yẹn kọ́ ló fìyà jẹ mí. Mo tò ó débi pé tí o bá wọlé, wàá rò pé ó tóbi. Ohun tó fìyà jẹ mí ni pé kò sí ilẹ̀kùn tí mo lè tì kí ìjà ẹlòmíràn má wọlé tọ̀ mí wá. Àti pé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe tèmi. Àti pé onílé lè wọlé nígbàkígbà. Bí ẹnì kan bá fún mi ní yàrá 10 sí 10 yẹn gan-an nígbà náà, tó ní ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ àti ìyẹ̀wù kékeré tí mo lè jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni mo ṣì wà dòní.

Nítorí náà, tíṣà, má jẹ́ kí wọ́n fi ìtìjú dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n bi ìyàwó rẹ léèrè dáadáa. Ẹni tó ń dáná ló máa ń mọ̀ bí ilé ṣe kéré tó.

ỌmọOrósùn

Bàbá Ìsíkàn, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: nínú agbo ilé tí wọ́n ti bí yín, báwo ni yàrá tí ìyá yín ń sùn sí ṣe tóbi tó?

Mo ń béèrè nítorí pé lọ́dún tó kọjá mo kó àwọn ọmọ mi gun Òkè Ìdànrè, gbogbo àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn. Ìlú àtijọ́ ṣì wà lórí òkè. Ààfin Ọwá, kóòtù, ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní 1896. Orí àpáta yẹn ni àwọn baba wa gbé títí di bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí Ọ̀dóde, Aládé àti Àtòsìn wà lónìí. (Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ti gun ún.) Mo wọ yàrá kan níbẹ̀, mo na apá mi méjèèjì, ó ku díẹ̀ kí ìka mi kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Ọmọ mi obìnrin béèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ̀wọ̀n ni?" Mo ní rárá, ibi tí wọ́n ń sùn ni. Lẹ́yìn náà mo mú un jáde sí àgbàlá, mo fi ibi tí òrùlé ti ṣíji bo ilẹ̀ yíká hàn án, mo ní, "Ibí ni ilé."

ÀgbàÌsíkàn

O bi mí ní ìbéèrè tó mú mi padà sẹ́yìn. Yàrá ìyá mi kò gbà ju ẹní kan àti àpótí aṣọ kan lọ. Àwa ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ là ń sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di irun, ibẹ̀ ni bàbá wa ti ń parí ìjà fún ará àdúgbò. Ẹni tó bá wà nínú yàrá lọ́sàn-án, a ó lọ béèrè pé kí ló ń ṣe é.

Mo gbà pé o rí nǹkan sọ. Síbẹ̀ agbo ilé ni ìyẹn, kì í ṣe ilé kan tó dá dúró nínú fẹ́ǹsì. Ogún yàrá kékeré ló ń bẹ níbẹ̀. Bí tìyá mi kò bá gba àlejò, ti àbúrò bàbá mi á gbà á. Tíṣà yìí kò ní àbúrò bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

ỌmọÌlàjẹÌgbókòdá

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ wá gbọ́ tiwa. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ilé onípákó lórí òpó igi, yàrá méjì, a jẹ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń gbé ilẹ̀ nílé wa. Àwọ̀n, ìkòkò, aṣọ, ìwé ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ láti òkè, nítorí ohun tó bá bọ́ sí àlàfo láàárín pákó, omi ti gbà á nìyẹn. Mo ti sọ ṣíbí tí mi ò lè ka iye rẹ̀ nù sínú ọ̀sà. Ọkọ̀ wa ń so mọ́ òpó lábẹ́ ilé, òun ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òun ni ọ̀nà wa. Lálẹ́ wàá máa gbọ́ omi lábẹ́ etí rẹ tó ń lu òpó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi náà kò tíì rí oorun tó tó ìyẹn, tíṣà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni pé ilé tó ṣeé tú ni tiwa. Àwọn ẹbí ìyá mi wà ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947. Òkun ti ń jẹ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn ilé àbúrò ìyá mi, wọ́n ṣí pákó, wọ́n ká páànù, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wọn tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tirẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó títí omi fi gbé e lọ. Omi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n kó lọ náà báyìí. Ó ń dùn mí gan-an.

AyàwòránIlé_FUTA

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ilé yíyà ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ ilé kékeré sì wà lára ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù. Ilé 12 sí 24 yẹn, 288 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin ló jẹ́, bíi mítà 27 onígun mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìkọ́lé wọn ti 2018 ní àfikún kan fún irú ilé báyìí, ohun tí kò bá ju 400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ ni wọ́n ń pè ní ilé kékeré gan-an, láìka àjà tí wọ́n ń sùn sí lókè. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, tiyín wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ mẹ́ta tí mo fẹ́ràn. Ní Conwy ní ilẹ̀ Wales, ilé kan wà ní etí odò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8. Apẹja kan tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, ní 1900, kò sì lè nàró dáadáa nínú rẹ̀. Èkejì wà ní Tokyo tẹ́lẹ̀: ilé gogoro Nakagin, tí Kisho Kurokawa yà, tí wọ́n parí ní 1972. Yàrá 140 ni wọ́n so mọ́ ọn lára bí àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́wàá onígun mẹ́rin, pẹ̀lú fèrèsé róbótó kan. Èrò wọn ni pé wọ́n á máa yọ àpótí tó bá gbó, wọ́n á fi tuntun sí i lẹ́yìn ọdún 25. Wọn kò pààrọ̀ ọ̀kan rí. Ní 2022 wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló jọ ohun tí ẹ ń sọ. Le Corbusier, tó jẹ́ àgbà ayàwòrán ilé, tó ti ya ilé ńláńlá, kọ́ ahéré onípákó kan fún ara rẹ̀ létí òkun ní ilẹ̀ Faransé ní 1952. Mítà 3.66 ní ìbú, 3.66 ní òró. Kò fi ìdáná kankan sí i. Ṣé ẹ mọ ìdí? Ilé oúnjẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi í tì, ilẹ̀kùn kan sì wà láàárín méjèèjì. Bàbá Ìsíkàn, òun náà ní àbúrò bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

ÀgbàÌsíkàn

Mo rẹ́rìn-ín. O ṣeun, ọmọ mi.

Wẹ́dàỌ̀nàOǹdó

Èmi gbé inú kọ̀ntẹ́nà fún ọdún méjì, oní-20-fíìtì, nínú ọgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ rà á, ẹ gbọ́: inú rẹ̀ kò tó fíìtì mẹ́jọ ní ìbú. Tí o bá fi pákó àti fóòmù tẹ́ ògiri, ó ku bíi méje. Bẹ́ẹ̀dì onífíìtì mẹ́fà kò ní jẹ́ kí o kọjá. Aago méjìlá ọ̀sán, irin yẹn ń jó bíi ààrò. Ohun tó gbà mí ni páànù kejì tí mo gbé lé e lórí òpó, mo fi fíìtì méjì sílẹ̀ láàárín kí atẹ́gùn lè kọjá. Láti ọjọ́ náà mo lè jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ sì rántí pé gbogbo fèrèsé tí a bá gé lára rẹ̀ ń sọ ọ́ di aláìlágbára, a ní láti fi irin gbá etí rẹ̀ yíká.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan mi wà. Nígbà tí mo gbéyàwó ni mo jáde.

OhùnÌsàrun

Àwọn tó ń sọ ilé kékeré, ẹ ò rántí èyí tó dàgbà jù ní agbègbè wa. Ihò Eléérú ní ìlú wa Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní 1965 ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun ènìyàn kan níbẹ̀ tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ibi tí àpáta ti yọ bo ilẹ̀ lásán ni, kò sí ògiri níwájú. Eérú tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ìgbà tí mo wà ní kékeré ni wọ́n mú wa lọ, mo sì jókòó lábẹ́ àpáta náà nígbà tí òjò dé. Mi ò lómi lára rárá.

ÌgòÀtiIyẹ̀pẹ̀

Ẹnì kan ha ti gbìyànjú ilé oníìgò rí ní ìhà tiwa? Ní 2011 wọ́n kọ́ ọ̀kan ní Yelwa, nítòsí Kàdúná, ilé róbótó. Ìgò ọ̀rá tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún, tí wọ́n fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ra.

BíríkìlàÒkèÀró

@ÌgòÀtiIyẹ̀pẹ̀, mo ti fi ṣe ògiri ọgbà, ó lágbára. Àkókò tí ẹ máa fi rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ìgò ni kí ẹ wò. Ilẹ̀ pupa wa yìí dára fún ilé, ṣùgbọ́n òjò wa pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ògiri kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré, kí òrùlé sì yọ dáadáa.

AhéréBàbáÀgbà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì ọlọ́mọ mẹ́rin ló mú mi ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Lánàá Sátidé, mo mú ìyàwó mi àti ọmọ wa lọ sórí ilẹ̀ náà, pẹ̀lú okùn àti èèkàn. A wọn 12 sí 24, a na okùn yíká. Ìyàwó mi wọ inú rẹ̀, ó dúró, kò sọ̀rọ̀. Ó fi igi kékeré ya ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, ó ya ibi ìdáná. Lẹ́yìn náà ó jáde kúrò nínú okùn, ó gbé àga rẹ̀ sí ìta, ó ní, "Ibí ńkọ́?"

A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó fẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní fífẹ̀, kó gba gbogbo òró ilé, 24. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìkángun kan, àwọn oníbàárà máa jókòó síbẹ̀. Ìkángun kejì, ìdajì ògiri pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti aṣọ títa, kí àlejò lè sùn. Bàbá Ìsíkàn, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá bíríkìlà, ìhà wo ni kó kọjú sí?

BíríkìlàÒkèÀró

Àríwá. Ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, oòrùn á máa gba ìhà gúúsù kọjá lórí wa, òjìji á wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Àyàfi láti bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, ìgbà yẹn òjò kò ní jẹ́ kí ẹ rí oòrùn púpọ̀ náà. Fíìtì mẹ́wàá nílò òpó mẹ́rin, kí ẹ má ṣe é mẹ́ta.

ÀgbàÌsíkàn

Ní ọjọ́ ìṣílé, sọ fún mi. Màá mú àga tèmi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

ÌránṣọỌ̀bàIlé

Ẹ kú ilé o. Èmi ni ìyàwó tíṣà. Ó fi ohun tí ẹ kọ hàn mí. Mọ́mì ọlọ́mọ mẹ́rin, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ ní ẹ tò yàrá yín débi pé ó dà bíi pé ó tóbi. Báwo lẹ ṣe tò ó?

ÌyáỌlọ́mọMẹ́rin

Ọmọ mi, wàá jẹun ọmọ. Gbé bẹ́ẹ̀dì sókè tó fi jẹ́ pé báàgì ìrẹsì lè wọ abẹ́ rẹ̀ ní òró. Kan pákó yíká ògiri ní òkè ilẹ̀kùn, ohun tí o kì í lò lójoojúmọ́ ń gbé ibẹ̀. Kan ìkọ́ aṣọ ọmọ sí ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lè tó, kì í ṣe tìrẹ. Kí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ má ṣí sínú, síta ni kó ṣí. Má sì ra àga ńlá fún pálọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún ọ, sọ pé o dúpẹ́, kó fún ọ ní àga ìta.